Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI IṢẸ́: Bí Ọ̀gá Ṣe Lè Mú Kí Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Rẹ̀ Fi Ọ̀nà Àtijọ́ Sílẹ̀

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ògèrè Rẹ́mọ, láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì ti gba ìdáǹdè, wọ́n ń gba owó oṣù. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn. Ó ní: “Mo ti kọ́ wọn, mo ti bá wọn wí, mo ti yọ owó nínú owó iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kẹ́yìn sí wọn báyìí, ọ̀nà àtijọ́ náà ni wọn yóò tún gbà. Kí ni kí n ṣe?” A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe aránṣọ tàbí káfíńtà, yóò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ìlú òyìnbó, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run, iṣẹ́ kan náà ni mímú ilé gbóná nígbà òtútù àti mímú un tutù nígbà ooru. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, kò sí ẹni tí yóò san owó fún ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná. Oòrùn ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Òtútù ni àwa ń rà. Láti ìgbà tí a sì ti ṣí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, tí ó gba ẹ̀bá Ògèrè kọjá, tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù sì sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi wọn, ọjà òtútù ti gbòòrò. Ilé ìtura ń fẹ́ ẹ, ilé oúnjẹ ń fẹ́ ẹ. Ìyá tí ń ta ẹja yìnyín fi gbogbo owó ọjà rẹ̀ sínú fírísà kan ṣoṣo. Bí fírísà náà bá kú lóru, tí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó mọ̀, gbèsè ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ilé ìwòsàn pẹ̀lú ń fẹ́ ẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún àwọn ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, kò sì gbọdọ̀ tutù ju 2 lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń wá afẹ́fẹ́ tútù ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Kí ni ọ̀nà àtijọ́ tí ọkùnrin yìí ń sọ? Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹ̀rọ kò bá tutù mọ́, ọmọ iṣẹ́ yóò dé, yóò so géèjì mọ́ ọn, yóò sì wí pé gáàsì ti tán. Kò ní wá ibi tí gáàsì gbà jáde; yóò kàn fi òmíràn kún un ni. Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ jó páìpù, yóò tú èyí tí ó kù nínú ẹ̀rọ sí afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó bá jó o tán, kò ní fi ẹ̀rọ ìfami fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde. Gáàsì díẹ̀ ni yóò fi tì wọ́n síta, yóò sì wí pé ó tó. Kò ní gbé gáàsì sórí òṣùwọ̀n. Ọwọ́ ni yóò fi kan páìpù, bí ó bá tutù, iṣẹ́ parí. Oníbàárà yóò yọ̀, yóò sanwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ kò tún tutù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí èyí fi burú. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe epo ọkọ̀ tí ń jó tán. Bí páìpù bá dì pa, gáàsì kan náà yóò máa yípo nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá dínkù, a jẹ́ pé ihò wà níbì kan. Ẹni tí ó bá sì bu gáàsì sí ẹ̀rọ tí ó ní ihò, agbọ̀n ni ó ń pọn omi sí. Ọ̀rinrin ńkọ́? Bí ó bá kù sínú páìpù, yóò dì ní ojú ọ̀nà tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá nínú fíríìjì, yóò sì dí i. Yóò tún dàpọ̀ mọ́ òróró inú kọ̀mpírẹ́sọ̀, yóò sì di ásíìdì tí ń jẹ wáyà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí ó jóná lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọjọ́ tí a tún un ṣe ni a ti gbin ikú sí i nínú.

Èyí tí a ń tú sí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò sọnù lásán. Ní ọdún 1928 ni Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìdílé gáàsì kan fún ẹ̀rọ òtútù, tí kì í gbiná, tí kì í sì í ṣe májèlé bí àwọn tí a ń lò ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ayé yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé gáàsì wọ̀nyí ń gòkè lọ sí ojú sánmà, wọ́n sì lè ba òrùlé ósóònù jẹ́, èyí tí ó dàbí agboòrùn tí ń bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òrùlé náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi ní òkè ilẹ̀ Antarctica. Ní ọjọ́ 16 oṣù September ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Montreal ní Kánádà, wọ́n sì dá májẹ̀mú láti dín ìlò gáàsì wọ̀nyí kù. Nàìjíríà wọ inú májẹ̀mú náà ní ọdún 1988.

R-22, tí àwọn oníṣẹ́ wa mọ̀ bí ẹni mọ owó, jẹ́ ọmọ ìyá àwọn gáàsì náà. Ìpalára rẹ̀ sí ósóònù kéré sí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ tí a bá tú sí afẹ́fẹ́ yóò mú ayé gbóná ju bí 1,800 kílò afẹ́fẹ́ èéfín ti lè ṣe lọ láàrin 100 ọdún. Ẹ̀rọ ara ògiri kékeré kan sì lè gba tó kílò kan. Májẹ̀mú náà pàṣẹ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa dín ìlò R-22 àti àwọn ẹbí rẹ̀ kù ní ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2025, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ọdún 2030, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí a ó fi tọ́jú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ títí di ọdún 2040. Ní Kigali, ní ilẹ̀ Rùwáńdà, ní ọdún 2016, a tún fi kún májẹ̀mú náà nítorí àwọn gáàsì bí R-410A àti R-134a, tí kò ba ósóònù jẹ́ ṣùgbọ́n tí ń mú ayé gbóná. Nàìjíríà gba èyí pẹ̀lú ní ọdún 2018.

Ohun tí ó yẹ kí ó ba ọ̀gá oníṣẹ́ lẹ́rù jù lọ ni èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Lára àwọn gáàsì tí a fi ń rọ́pò ti àtijọ́ ni R-290 àti R-600a, ìyẹn propane àti isobutane, àwọn ìbátan gáàsì tí ẹ fi ń dáná nílé. Wọn kì í ba ósóònù jẹ́, wọn kì í sì í mú ayé gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbiná. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun tí ẹ ń rà ní ọjà ni R-600a wà nínú wọn. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti mọ́ lára láti tanná jó páìpù kí ó tó wò ó bóyá gáàsì ti tán nínú rẹ̀, tí kì í ka ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ, ọjọ́ kan ni yóò pàdé iná. Ọ̀nà tí ó ń ba owó jẹ́ lónìí ni yóò ba ẹ̀mí jẹ́ lọ́la.

Ní ọdún 2011, a rí irú rẹ̀ lójú ọ̀nà òkun. Àwọn àpótí ńlá tí a fi ń kó oúnjẹ tútù nínú ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú. Nígbà tí a wádìí, ayédèrú gáàsì ni a rí nínú wọn: a kọ R-134a sára sìlíńdà, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ń bá alumíníọ̀mù inú ẹ̀rọ jà, tí ó sì ń di ohun tí ń gbiná bí ó bá ti kan afẹ́fẹ́. Àwọn tí ó rà á nítorí pé ó rọ̀jú kọ́ ni ó jẹ ìyà rẹ̀.

Ọ̀gá kan yóò wí pé: “Bí mo bá sọ gbogbo èyí fún wọn, wọn yóò yípadà.” Ó ṣeni láàánú pé ìmọ̀ nìkan kì í yí ọwọ́ ènìyàn padà. Ẹ gbọ́ ìtàn dókítà kan. Ní ìlú Vienna, ní ọdún 1847, Ignaz Semmelweis ní kí àwọn dókítà ilé ìgbẹ̀bí máa fi omi oògùn fọ ọwọ́ wọn. Ní ọdún 1846, nínú 100 ìyá tí ó bímọ ní ẹ̀ka rẹ̀, ó lé ní 11 tí ó kú. Ní ọdún 1848, ó fẹ́rẹ̀ má ju 1 lọ. Ẹ̀rí wo ni ó tún kù? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ìgbà náà kò gbà á. Ó ń dùn wọ́n pé a ń wí pé ọwọ́ àwọn ni ó ń pa àwọn ìyá. Òun náà sì fi ìbínú kọ ìwé sí wọn, ó pè wọ́n ní apànìyàn. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1865, ọ̀pọ̀ kò tíì fọ ọwọ́. Ohun tí ó sọ tọ́. Ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Ẹ tún gbọ́ èkejì. Ní ọdún 2009, a tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìwòsàn 8 ní orílẹ̀-èdè 8, ọ̀kan nínú wọn ní Tanzania, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti lo ìwé kékeré kan láti yẹ iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti kí wọ́n tó parí. Ikú dínkù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba Ontario ní Kánádà gbọ́, wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn wọn máa ròyìn ní gbangba bí wọ́n ti ń lò ó. Nínú ìwádìí lórí ilé ìwòsàn 101 tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ìyàtọ̀ tí a rí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ń wí pé àwọn ń lo ìwé náà. Irú ìwé kan náà ni, èso rẹ̀ sì yàtọ̀. Lójú tiwa, níbi kan a mú un wọ inú iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àti sùúrù. Níbi kejì, àṣẹ ni ó kọ́kọ́ dé.

Nítorí náà, ọ̀gá Ògèrè, ìdáhùn wa rè é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín kì í ṣe olóríkunkun. Wọ́n ń ṣe ohun tí ètò ọjọ́ wọn ń kọ́ wọn láti ṣe. Ẹ yí ètò náà padà, ọwọ́ wọn yóò sì tẹ̀lé e.

Èkínní, ẹ wo ohun tí ẹ ń kà. Bí ẹ bá ń bi wọ́n lálẹ́ pé, “Iṣẹ́ mélòó ni ẹ ṣe lónìí?”, ẹ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n yára. Fífi ẹ̀rọ ìfami fa afẹ́fẹ́ jáde lè gba ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò dúró tì í nígbà tí oníbàárà mìíràn ń pè? Láti òní lọ, ẹ máa ka iṣẹ́ tí ó padà wá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ̀rọ wo ni, ta ni ó ṣe é, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí ènìyàn méjì bá ṣe iṣẹ́ mẹ́rin lójúmọ́, tí ọ̀kan padà wá lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́ta ni wọ́n ṣe, ẹ sì ti san owó ọkọ̀ àti gáàsì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn ìparí oṣù, ẹ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò padà.

Èkejì, ẹ wo inú àpò irinṣẹ́. A kò lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ ohun tí a kò fún un. Bí ẹ̀rọ ìfami kan ṣoṣo bá wà fún ẹgbẹ́ méjì, ẹ ti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ kan pé kí ó má ṣe lò ó. Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ ìfami, sìlíńdà náítírójìn, sìlíńdà tí a ó fa gáàsì àtijọ́ sí pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fà á: bí owó kò bá tó láti rà wọ́n pọ̀, ẹ rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè kìkì ohun tí irinṣẹ́ rẹ̀ ti dé. Náítírójìn ni kí a fi dán páìpù wò, pẹ̀lú omi ọṣẹ ní ojú ibi tí a jó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ́síjìn ṣe é láé. Ọ́síjìn àti òróró bí wọ́n bá pàdé nínú ẹ̀rọ, ìbúgbàmù ni.

Ẹ̀kẹta, ohun kan ṣoṣo ní àkókò kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ padà ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ẹtì gbogbo rẹ̀ yóò ti padà síbi tí ó wà. Ẹ fi oṣù kan ṣe ti wíwá ihò. Nígbà tí ó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ mú ti ẹ̀rọ ìfami wọlé, lẹ́yìn náà òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà fífa gáàsì àtijọ́ sínú sìlíńdà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá ẹni tí àwọn yòókù ń wò. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá rẹ́rìn-ín sí nǹkan, gbogbo wọn yóò rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà púpọ̀, òun ni ó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ni ó sì le jù láti yípadà. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹ má ṣe dójú tì í lójú àwọn ọmọ kékeré. Ẹ pè é sápá kan, ẹ béèrè ìmọ̀ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun ni ó kọ́kọ́ lo irinṣẹ́ tuntun, kí òun sì kọ́ àwọn yòókù. Ẹ̀yin pàápàá, ní ọjọ́ tí ẹ bá jáde bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe gba ọ̀nà àbùjá. Ọ̀gá tí ó wí pé “Ẹ ti ṣe é báyìí ná, ilẹ̀ ti ṣú” ti fi gbólóhùn kan pa ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta rẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí ojú wọn rí ìdí rẹ̀. Ẹ mú kọ̀mpírẹ́sọ̀ kan tí ó ti jóná, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ là á níwájú wọn. Ẹ fi òróró dúdú inú rẹ̀ hàn wọ́n, àti wáyà tí ásíìdì ti jẹ. Ọmọ tí ó bá ti rí i yóò mọ ohun tí ó ń dúró dè ní ààbọ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ ìfami fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ìwé kékeré. Kí ó má ju ìlà mẹ́fà lọ, kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn bá yín kọ ọ́, kí ó sì jẹ́ pé nọ́ḿbà ni a ó kọ sí i: ìwọ̀n gáàsì tí a fi sí i, ibi tí géèjì dé, ìṣẹ́jú tí a fi fa afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó ń fa àmì lásán lè jókòó sábẹ́ igi fa gbogbo rẹ̀.

Èkeje ni yóò ṣòro fún yín jù. Ẹ dẹ́kun yíyọ owó. Ọmọ tí ó mọ̀ pé òtítọ́ yóò ná òun lówó kò ní sọ pé òun gbàgbé. Yóò bo ihò náà mọ́lẹ̀, oníbàárà ni yóò sì bá yín tú u. Ẹni tí ó bá wá sọ fúnra rẹ̀ pé, “Ọ̀gá, iṣẹ́ àná kò dára tó,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rán an padà lọ tún un ṣe. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Àwa oníbàárà ńkọ́? A kò lè fọ ọwọ́ wa kúrò nínú rẹ̀. Àwa ni a ń wí pé, “Ṣáà bá mi fi gáàsì sí i”; àwa ni a ń yọ owó lórí owó ẹni tí ó fẹ́ ṣe é dáadáa, tí a sì ń pe ẹni tí ó ṣe é lọ́pọ̀. Ẹ̀yin ìyá àti baba ilé, nígbà tí oníṣẹ́ bá dé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Níbo ni gáàsì gbà jáde? Ṣé o fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí o tó fi gáàsì sí i? Gáàsì wo ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì ti tó? Bí ó bá dáhùn tààrà, ẹ san owó rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ rere ní owó iṣẹ́ búburú ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àbùjá.

Ọ̀gá Ògèrè, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ nílò wọn bí wọ́n ti nílò yín. Lọ́jọ́ kan, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, bóyá ní Ìpẹru, bóyá ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣàgámù, wọn yóò sì ní ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Bí wọ́n ti ń jó páìpù lọ́dọ̀ yín nígbà tí ẹ kò sí nílé ni wọn yóò ṣe kọ́ àwọn náà.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ilé ó tutù, kí ọ̀nà ó sì tutù fún gbogbo wa.